Kọ́kọ́rọ́ Inú Agolo Ìṣó

Nínú gbogbo àìsàn tó ń ṣe mọ́tò, èyí tí mo kórìíra jù ni èyí tó máa ń sá fún oníṣègùn rẹ̀. Mọ́tò tó bá kú pátápátá kò ní wàhálà, mo ti mọ̀ pé òkú ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó kọ̀ lọ́sàn-án, tó tún wá ń kùn nírọ̀lẹ́ bí ológbò tó ti jẹ ẹja tán, ìyẹn a máa dójú ti rẹwáyà níwájú oníbàárà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tún iná mọ́tò ṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì máa ń fi yangàn: wáyà kì í purọ́, ènìyàn ló ń purọ́. N kì í sọ ọ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó gbà á lẹ́nu mi.

Opó ni Tíṣà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹta. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọdún méje tí gbogbo wa ń pè ní Ìrẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ yẹn kó tó kú, nítorí ásímà ń bá ọmọ náà jà, àyà rẹ̀ a sì máa dún fíì-fíì bíi ti ìrẹ̀ inú koríko. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ jìnnà sí wọn tó ogójì ìṣẹ́jú. Mọ́tò aláwọ̀ ewé tí ọkọ Tíṣà fi sílẹ̀ ló ń gbé ọmọ náà débẹ̀ nígbàkúgbà tí èémí bá há.

"Ọ̀gá, ó tún kọ̀," ló wí fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. "Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná iwájú mi tàn dáadáa, àmọ́ ó kàn ró 'kẹ́' lẹ́ẹ̀kan ni, ló bá dákẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan mo tún yí i, ó ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i. Ó ṣiṣẹ́. Mo pa á, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dáhùn. Mo yẹ bátìrì wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ha ìpẹtà orí rẹ̀ kúrò, mo dè é le, mo sì nu ọwọ́ mi bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ńlá.

"Tíṣà, mọ́tò yín ń bá yín ṣeré ni."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, èémí ọmọ mi ni mọ́tò yẹn o. Ẹ má fi ṣeré."

Ojú tì mí díẹ̀. Mo wá fi ọgbọ́n tí a fi ń dọdẹ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ hàn án. Mo ní kó wá ìwé kan, kó máa kọ ọjọ́ àti aago tó bá kọ̀ sílẹ̀, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá òjò rọ̀, àti ibi tó gbé e sí. Bó bá pẹ́, ìwé yóò fi ojú àrùn hàn wá. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò dùbúlẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà. Ìbàdí ń ro mí lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé mo ti gbọ́n ju kí n máa yí nínú ilẹ̀ nítorí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́.

*

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo padà gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, nìyí.

Ọkọ Tíṣà ní àbúrò kan tó jẹ́ káfíńtà, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ni a sì fi ń pè é. Ìrẹ̀ ń pè é ní Bàbá Kékeré. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ti mọ́tò aláwọ̀ ewé yẹn wálé nínú òjò nígbà tó ṣì jẹ́ òkú irin, tí wọ́n sì jọ fi oṣù mẹ́ta jí i dìde. Káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi roboto tó wà lórí jíà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lára mọ́tò náà. Ó tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Tíṣà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Kékeré. Bí Ìrẹ̀ bá ń mí dáadáa ni, ẹ̀ bá ti gbé e lọ." Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ó burú nínú rẹ̀.

Ọkùnrin àgbà kan wà tó ń tún agogo ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju àlàfo àárín ilé méjì lọ, agogo kún ara ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sì sí méjì tó sọ aago kan náà. Àwọn tó mọ̀ mọ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ibẹ̀ ni Káfíńtà jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún.

"Bàbá, mi ò ní kí nǹkan kan ṣe ẹnikẹ́ni o. Kí mọ́tò yẹn kàn máa kọ̀ fún un ni, títí á fi sú u."

Alágogo gbé àgàdágodo kékeré kan tó ṣí sílẹ̀ sórí tábìlì, ó fi òwú dúdú yí i. "Dárúkọ ohun tí o fẹ́ dá dúró. Ohun kan ṣoṣo."

Káfíńtà ya ẹnu rẹ̀ láti pe mọ́tò. Ọkàn rẹ̀ ló wá lọ sára ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sára ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, sára aago ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

"Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀," ló wí.

Bàbá náà gbójú sókè. "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Kó dúró, kó má lọ síwájú, títí á fi dé ọwọ́ mi."

Alágogo tẹ àgàdágodo náà. Ó ró kẹ́. Káfíńtà búra fún mi pé gbogbo agogo ara ògiri fo ìró kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó tún máa lọ.

"So ó mọ́ inú ẹ̀rọ rẹ̀," Alágogo wí. "Kí o sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú odò tó ń ṣàn. Má bojú wẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìyá àti ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́, Káfíńtà wá láti tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn ṣe. Kó tó lọ, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì so àgàdágodo tó ti wé sínú aṣọ dúdú mọ́ wáyà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí etí odò. Ọ̀rọ̀ etí odò yẹn ṣì ń bọ̀.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Wọ́n gbé mọ́tò náà wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò sì kọ̀ lójú mi rí. Nígbà kẹrin tó wá, Tíṣà kò gbé mọ́tò wá. Ìwé ló mú wá. Ó jókòó lórí táyà kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Iwájú ìwé ni mo kọ ti mọ́tò sí, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ọjọ́ tí èémí Ìrẹ̀ há sí, torí dókítà náà ní kí n máa kọ ọ́. N kò rò ó pọ̀ rí, àfi lánàá."

Mo ṣí iwájú. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó kọ̀ ní iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, èémí há ní kíláàsì, olùkọ́ kejì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́rú, aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tún ṣí ẹ̀yìn: Ọjọ́rú kan náà, aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mọ́tò kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni ọmọ náà kò lè mí. Ìgbà tí èémí tú, ìgbà náà ni mọ́tò dáhùn.

Irun ọrùn mi dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í fi ẹ̀rù han oníbàárà, mo sì wá irọ́ kan pa.

"Ó lè jẹ́ ooru, Tíṣà. Ooru ń dààmú wáyà, ó sì ń dààmú àyà."

"Òtútù mú lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní kó gbé e wá lọ́la, kó fi í sílẹ̀ fún mi. Kò gbé e wá. Ó ti lọ bá ẹlòmíràn.

*

Ìyá arúgbó kan ló ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn náà. Ó ti rí Ìrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n gbé e wọlé, ó sì ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n gbé e jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó fa Tíṣà lọ́wọ́ lọ sáàárín àwọn aṣọ funfun tó ń gbẹ lórí okùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí wọn.

"Wọ́n so nǹkan lé ọmọ yìí," ló sọ wẹ́rẹ́. "Ọwọ́ tó so ó kò jìnnà. Ó ti jẹun nínú abọ́ yín."

Tíṣà sọ ti mọ́tò àti ìwé rẹ̀ fún un, àmọ́ ó ní òun gbàgbọ́ nínú dókítà. Ìyá náà ní kó máa gbàgbọ́ nìṣó, dókítà dára. Ó wá yọ ìgò kan tó ń rùn bí irin tútù.

"Ẹ dà á sára ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ lè dúró lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ lè dúró lẹ́yìn èkejì. Bí ẹ bá ti da ẹ̀kẹta, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ọwọ́ tó so ó ni yóò tú u, ohun tó so yóò sì wọ inú ọwọ́ náà."

"Tí ọwọ́ náà bá kọ̀ tí kò tú u ńkọ́, Màmá?"

Ìyá náà ká aṣọ ibùsùn kan sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Ẹ gbàdúrà kó tú u."

Tíṣà da ti àkọ́kọ́. Ó da èkejì. Láàárọ̀ èkejì yẹn, bó ti ń wọlé padà, ó gbọ́ tí Ìrẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Bàbá Kékeré, ẹ ṣí i," lọmọ náà ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i." Tíṣà rò pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lá àlá rẹ̀. Láàárọ̀ kẹta ó gbọn ìgò náà gbẹ.

*

Láti ìgbà tí Tíṣà ti da òògùn àkọ́kọ́ ni gbogbo dúrọ́ọ̀ tábìlì tí Káfíńtà kàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Á fá a, á fi yanrìn pa á, á wọlé geere, á sì kọ̀ láti jáde. Tó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti di ẹ̀ṣẹ́, á sì ní láti fi etí tábìlì ṣí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó yà wo Ìrẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Ọmọ náà nà sórí àga gígùn, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

"Bàbá Kékeré, ẹ wá gbọ́ ìrẹ̀ mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó tẹ etí lé e láyà. Ó gbọ́ fíì-fíì. Fíì-fíì náà dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó ti gbọ́ ìró kan tó mọ̀: kẹ́. Ó tó ìgbà tí ènìyàn lè ka mẹ́wàá kí èémí tó padà.

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ayé tó ju ọmọ yìí lọ? Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe dé ṣọ́ọ̀bù alágogo.

"Bàbá, ẹ tú u! Mọ́tò ni mo ní lọ́kàn!"

"Mo bi ọ́ léèrè," Alágogo wí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára agogo tó ń tú. "Èmi kọ́ ló so ó, èmi kọ́ ni yóò tú u. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Káfíńtà dúró. Etí odò yẹn padà wá sí iyè rẹ̀. Ọkùnrin kan ni tí kì í ju irin nù. Bí ìṣó bá wọ́, á nà án, á tún un lò. Ní etí odò, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láyè. Ìṣó wíwọ́ kan tó wà lápò rẹ̀ ló jù sómi, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú agolo ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú agolo yẹn ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ àti àpótí tó ti tú láti ogún ọdún wà. Wọ́n lé ní igba. Gbogbo wọn kéré, gbogbo wọn funfun.

Ó ń padà bọ̀ wá sọ fún Tíṣà nígbà tó gbọ́ igbe rẹ̀ láti òpópónà.

*

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Tíṣà kò kí mi. "Ọ̀gá, ó ti kọ̀. Ìrẹ̀ kò lè mí."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́, mo sáré. Mo bá ọmọ náà ní ìjókòó ẹ̀yìn lórí itan ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Káfíńtà ló wà níwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí kọ́kọ́rọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ó ti dé ọwọ́ mi!" ló ń wí. "Mo ní ó ti dé ọwọ́ mi o!" Mọ́tò náà kò dáhùn ju kẹ́ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò rántí ìbàdí. Mo dùbúlẹ̀ nínú eruku, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Nǹkan dúdú kan rọ̀ bí àdán mọ́ wáyà tín-ínrín tó ń jíṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó wúwo, ó sì ti fa ẹnu wáyà náà jáde dé ìdajì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọn, á kàn. Bó bá tún gbọn, á ṣí. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti rí i, ká ní mo tẹ ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Mo gé òwú náà, mo ti wáyà padà sí àyè rẹ̀. "Ẹ yí i!"

Mọ́tò náà bú. Mo sáré jáde, inú mi dùn, mo wo ojú ọmọ. Kò sí nǹkan tó yí padà. Mo ti tú mọ́tò, n kò tú ọmọ.

Káfíńtà rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó já bọ́ láti orí ìjókòó. "Ọ̀gá, ẹ má gé e! Ẹ má fi ayùn kàn án! Ẹ máa gbé ọmọ lọ, mò ń bọ̀!" Ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Èmi ni mo wa mọ́tò. Àgàdágodo náà wà nínú àpò àyà aṣọ iṣẹ́ mi, ó tutù gan-an lábẹ́ oòrùn yẹn, títí a fi dé ilé ìwòsàn.

*

Wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bo ọmọ náà nímú. Dókítà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó ní afẹ́fẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò dúró, ó sì padà wọlé kíákíá. Ìgbà náà ni Káfíńtà dé pẹ̀lú agolo ìṣó láyà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó da gbogbo kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, ó gba àgàdágodo lọ́wọ́ mi, ó jẹ́wọ́ fún mi láàárín bíi ìṣẹ́jú méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo fẹ́ bá a dán an wò. Ó gbọn orí. "Ọwọ́ mi ló so ó. Ẹ kàn máa nà wọ́n sí mi."

Mo ń nà wọ́n sí i. Ogún. Ogójì. A kò rí i pé Tíṣà ti dúró lẹ́yìn wa, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò fọ́ ọ létí. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Kékeré, mo da òògùn láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá tú u, ohun tó so á wọ inú ọwọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Káfíńtà wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ káfíńtà ni oko rẹ̀, òun sì ni abà rẹ̀.

"Ká ní o mọ̀ ńkọ́, ìyàwó wa?"

Tíṣà rò ó. Kò purọ́ fún un. "Ǹ bá ṣì dà á."

Ó mi orí. "O ṣeun tí o sọ fún mi." Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Ọ̀gá, òmíràn."

Nọ́ọ̀sì kan pariwo pe Tíṣà, ó sáré wọlé. Ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́fà. Òógùn ń kán sórí àwọn kọ́kọ́rọ́ náà láti iwájú orí rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré nínú yàrá, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù. Mo na òmíràn sí i. Ó tì í wọlé. Ó yí i.

Kẹ́.

Agogo ńlá tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ fo ìró kan. Ojú mi yìí ló rí i. Láti inú yàrá, Ìrẹ̀ wúkọ́, ó sì figbe ta, igbe gidi, irú èyí tí ènìyàn kò lè ké láìní èémí nínú. Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí mi láti fi kọ́kọ́rọ́ náà hàn mí, ọwọ́ náà kò sì ṣí.

*

Àwọn dókítà ní iṣan ló dì. Wọ́n ṣe é, ó sú wọn. Tíṣà tọ ìyá alágbàfọ̀ lọ, ìyá náà ní, "Rírán ni mo mọ̀, mi ò mọ pípè padà." Káfíńtà kò lè di òòlù mú mọ́. Ilé Tíṣà ló ń gbé báyìí, Tíṣà ló ń bu oúnjẹ fún un, òun ló sì ń ṣọ́ Ìrẹ̀ tó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò kò kọ̀ mọ́. Àgàdágodo náà wà ní ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, ní ṣíṣí. Mo kan ìṣó kan gba inú ihò rẹ̀ kó má bàa lè pa dé, mo sì máa ń kọ́kọ́ wò ó láràárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ pààrọ̀ gílóòbù iná ẹ̀yìn mọ́tò wọn. Káfíńtà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, Ìrẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀, ó ń fi ìka kéékèèké ṣí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni tó ń bó ẹ̀pà. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń ṣe é.

"Bàbá Kékeré, kí lẹ há mọ́wọ́?"

"Nǹkan rẹ ni."

"Tó bá jẹ́ tèmi, ẹ fún mi."

Àtàǹpàkò ti ṣí. Ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé e, mo rí kọ́kọ́rọ́ náà tó ń tàn funfun nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni Ìrẹ̀ wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ìró tó wà lábẹ́ rẹ̀: kẹ́.

Tíṣà jáde láti inú ilé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìka náà dé padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Káfíńtà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bá a tẹ̀ ẹ́.